Ilé Wãsù ní Lọ́ńdọ̀nù: Bí Ilé Ibùgbé Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Di Àgbo-Ilé, àti Ohun tí Olùkọ́ Yorùbá Lè Rí Kọ́ Níbẹ̀

Ìfáárà

Láàárín àwọn àkòrí àròkọ tí a máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀kan wà tí kì í gbó: ìgbé-ayé nínú ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní bọ́dìn. Àkòrí náà kò ṣàjèjì rárá ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó tí a wà yìí. Ondo Boys' High School ti wà láti ọdún 1919. Lẹ́yìn rẹ̀ ni St. Louis ní Oǹdó dé, tí Aquinas, Oyèmẹ́kùn àti Fìwàṣayé ní Àkúrẹ́ náà sì dé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ìlú méjèèjì ni kò lè ròyìn ìgbà èwe rẹ̀ kí ó má mẹ́nu ba ibùsùn onírin, àpótí onípákó àti agogo ìdájí.

Ṣùgbọ́n bí a bá ka ohun tí àwọn ọmọ ń kọ, a ó rí i pé kì í jìnnà. Wọn a kọ nípa ẹ̀wà oníkòkòrò, wọn a kọ nípa àwọn ọmọ kíláàsì òkè tí ń rán wọn lómi, ó parí. Wọn kì í béèrè pé: Kí ni ó ń sọ ilé tí a kó àjèjì jọ sí di ilé ní tòótọ́? Ta ni baálé níbẹ̀? Ta ni ó ni òrùlé? Èdè wo ni a sì ń sọ lábẹ́ òrùlé náà? Bí olùkọ́ kò bá la ojú wọn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, wọn kò lè ti ọ̀run mú un wá.

Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àlàyé ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó lókìkí nínú ìtàn, tí ó jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni ó dá a sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ pàápàá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ilé náà ni ilé ẹgbẹ́ WASU ní Lọ́ńdọ̀nù. A ó wo ohun tí ó fa ìdásílẹ̀ rẹ̀, a ó wo orúkọ rẹ̀ àti àkọtọ́ orúkọ náà, a ó wo bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó wá wo ohun tí ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ àti olùdánwò.

Ohun tí ó fà á

Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ jẹ́ ọmọ Abẹ́òkúta. Ó kàwé gboyè ní Fourah Bay College ní Freetown, ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922 láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Ní ìgbà yẹn kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá fẹ́ di lọ́yà ní láti kọjá òkun, ẹni tí ó bá sì fẹ́ di dókítà gidi náà ní láti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí ó ń dojú kọ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwé, ibi tí yóò sùn ni. Ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gba ènìyàn dúdú sí yàrá. Owó a wà lọ́wọ́ àlejò, yàrá a sì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí onílé bá ṣílẹ̀kùn tí ó rí àwọ̀ ara ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn, yóò ní yàrá ti tán. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé láti ilé tí a kì í ti lé àlejò ni àwọn wọ̀nyí ti wá.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ àbùkù. Ní ọdún 1924 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, níbi tí wọ́n ti kó ènìyàn àti ọjà àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso jọ fún ìwòran. Àwọn ìwé ìròyìn kan lo àǹfààní náà láti kọ ìkọkúkọ nípa àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé láti ta kò wọ́n. Ìwé tí ó kọ yìí ni ó mú kí Amy Ashwood Garvey, obìnrin ọmọ Jàmáíkà, wá a kàn. Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn méjèèjì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ dá ẹgbẹ́ Nigerian Progress Union sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọmọ Nàìjíríà nìkan kò tó. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, Ṣólàńkẹ́ àti Dókítà Herbert Bankole-Bright, ọmọ Sàró, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún jọ, wọ́n sì dá West African Students' Union sílẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast tí ó di Gánà ní ọdún 1957, Sàró àti Gáńbíà ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ibùgbé ti wà lára ohun tí wọ́n ń lé.

Orúkọ náà àti àkọtọ́ rẹ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá kó lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ náà jọ, WASU ni yóò fún wa. Etí ọmọ Yorùbá kò lè gbọ́ èyí kí ó má gbọ́ *wàásù*. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀ jáde ní ọdún 1926, *Wãsù* ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ tí a fi lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì dá ti di àṣẹ ní èdè Yorùbá: ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ kéde rẹ̀.

Ohun méjì wà níbí fún olùkọ́ èdè. Èkíní ni àkọtọ́. Àmì tí ó wà lórí *ã* kì í ṣe àmì ohùn lásán. Ní ayé àkọtọ́ àtijọ́, àmì yìí ni a fi ń fi hàn pé fáwẹ̀lì náà gùn, pé méjì ni ó yẹ kí ó jẹ́. Àkọtọ́ òde òní, èyí tí ìgbìmọ̀ ọdún 1966 là sílẹ̀, tí ìjọba sì fọwọ́ sí ní ọdún 1974, sọ pé kí a kọ fáwẹ̀lì méjèèjì jáde, kí olúkúlùkù sì gba àmì ohùn tirẹ̀. Nítorí náà *wàásù* ni a ń kọ lónìí. Nínú iṣẹ́ yìí, mo fi *Wãsù* sílẹ̀ bí àwọn tí ó ni ín ṣe kọ ọ́, nítorí orúkọ ìwé ni.

Èkejì ni orírun ọ̀rọ̀ náà. *Wàásù* kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a bá nílẹ̀ Yorùbá. Èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, àwọn Mùsùlùmí ni ó kọ́kọ́ mú un wọlé sí ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn Onígbàgbọ́ ń túmọ̀ Bíbélì, wọn kò kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ìwé kan nínú Bíbélì Yorùbá fi ń jẹ́ Oníwàásù. Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ àlejò yìí ti di onílé tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ Ẹ̀gbá kan fi fi í ṣe àsíá fún gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kókó yìí sọ́kàn. A óò padà sí i.

Bí ilé ṣe dé

Ilé kì í déédéé dìde. Ní ọdún 1928, Marcus Garvey bá wọn wá ilé kan sí Castletown Road ní West Kensington. Ilé náà wúlò, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún di aláìnílé.

Ṣólàńkẹ́ pinnu láti padà sílé wá tọrọ owó. Láti ọdún 1929 dé 1932 ni ó fi rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí ó sì ń gba ìdáwó. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọba dá, oníṣòwò dá, akọ̀wé dá. Ní ọdún 1933 ni owó yìí di ilé, ní nọ́ńbà 62 ní Camden Road, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1938 wọ́n kó lọ sí ilé tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ní South Villas, ní Camden Square.

Baálé, ìyá ilé àti àwọn ọmọ ilé

Ṣólàńkẹ́ ni ó ń bojú tó ilé náà. Bí a bá fẹ́ pe ipò rẹ̀ ní orúkọ Yorùbá, baálé ni. Nígbà tí ó ń ti ìrìn-àjò owó yẹn bọ̀, kò nìkan bọ̀: ó ti fẹ́ Ọpẹ́olú Ọbísànyà ní ìyàwó. Obìnrin yìí ni ó di ìyá ilé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í pè é lórúkọ. Màmá WASU ni wọ́n ń pè é. Òun ni ó ń ṣe ètò oúnjẹ àti ìmọ́tótó, òun ni ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá ń fẹjọ́ sùn. Nínú òtútù Lọ́ńdọ̀nù, a lè jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ọbẹ̀ ẹ̀pà nínú ilé náà. Ẹni tí kò gbé ibẹ̀ pàápàá a máa yà síbẹ̀ láti jẹun, láti gbọ́ ìròyìn ilé àti láti bá ẹni tí ó mọ orírun rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ènìyàn boni lára ju aṣọ lọ.

Bí a bá fi ilé yìí wé àgbo-ilé Yorùbá, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n fi jọra. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé baálé àti ìyá ilé ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ tí ń ti ibòmíràn wá ṣíṣẹ́ kí wọ́n sì padà. Ọ̀nà kejì ni pé àlejò ní àyè níbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni pé ibẹ̀ ni a ti ń gbìmọ̀. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé ṣe jẹ́ ibi tí a ti ń parí ìjà tí a sì ti ń pète, bẹ́ẹ̀ ni gbọ̀ngàn WASU rí.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì fi yàtọ̀. Nínú àgbo-ilé, ẹ̀jẹ̀ ni ó so wá pọ̀. Ní Camden, ìlàkàkà kan náà ni. Nínú àgbo-ilé, a kì í sanwó orí ibùsùn. Ní Camden, olùgbé ń sanwó, owó náà kì í sì í tó, ẹgbẹ́ a máa jẹ gbèsè. Ó yẹ kí a sọ ìyàtọ̀ yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má baà rò pé àfiwé túmọ̀ sí pé ohun méjì jẹ́ ọ̀kan náà.

Àwọn tí ó gba ibẹ̀ kọjá kò kéré. Paul Robeson, olórin àti òṣèré dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, di ọ̀kan nínú àwọn baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ ní ọdún 1935. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Clement Attlee, igbákejì olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ pé òmìnira tí Churchill àti Roosevelt ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Ní ọdún 1942 ẹgbẹ́ náà kọ̀wé sí ìjọba pé kí àwọn ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí ṣàkóso ara wọn, kí wọ́n sì gba òmìnira pátápátá láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Nígbà tí Kwame Nkrumah ti Amẹ́ríkà dé ní ọdún 1945, ibẹ̀ wà lára ibi tí ó kọ́kọ́ dé sí. Àwọn tí ó jọ jẹ ọbẹ̀ ẹ̀pà ni ó jọ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ríbi sùn kò lè jókòó kọ̀wé ìlú.

Ta ni ó ni òrùlé?

Ìjọba amúnisìn kò fi ojú rere wo ilé tí kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ní ọdún 1934, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn ṣe ìtìlẹ́yìn fún ṣíṣí ilé mìíràn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n pè é ní Aggrey House, ní ìrántí James Aggrey, olùkọ́ ńlá ọmọ Gold Coast. Orúkọ náà dára, ilé náà sì dára. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ WASU kọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tí ó bá ń gbé ilé ìjọba kò ní lè bá ìjọba wí. Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lọ sí Aggrey House, inú ẹgbẹ́ sì dàrú díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kí a má parọ́ mọ́ ìtàn: nígbà tí ó yá, WASU náà gba ìrànlọ́wọ́ owó lọ́wọ́ ìjọba, ara rẹ̀ ni wọ́n fi rí ilé South Villas. Ṣùgbọ́n baálé ṣì ni baálé. Ní ọdún 1940 àwọn alábòójútó Aggrey House ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilé WASU wà lórí ìdúró lẹ́yìn ìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí a dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé inú ilé ibùgbé lórí ilẹ̀ baba rẹ̀, ni ìdí pàtàkì kan tí ó mú wọn kọjá òkun bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ṣólàńkẹ́ fúnra rẹ̀ kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, ọdún méjì kí Nàìjíríà tó gba òmìnira.

Èdè lábẹ́ òrùlé

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan wá jù lọ nìyí. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣèpàdé nínú ilé WASU, nítorí ọmọ Fante, ọmọ Gáńbíà àti ọmọ Ìjẹ̀bú jọ wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò lé èdè ilé jáde. Baálé ilé náà ni ẹni tí ó sọ Yorùbá lórí rédíò ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1924, tí a kà sí ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ èdè wa lórí afẹ́fẹ́. Òun kan náà ni ó kọ́ àwọn ènìyàn ní Yorùbá ní School of Oriental Studies, tí ó sì fi iṣẹ́ náà gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. A lè pè é ní ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wa nínú iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá.

Ẹ wá fi èyí wé bí ọ̀ràn ti rí nínú ọ̀pọ̀ ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ nílé níhìn-ín. Àwa tí a gbé ilé ibùgbé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn mọ òfin náà dáadáa: ẹni tí ó bá sọ Yorùbá, a ó kọ orúkọ rẹ̀, yóò san owó ìtánràn tàbí kí ó gé koríko. Fànákúlà ni wọ́n ń pe èdè tí ìyá wa fi rẹ̀ wá lẹ́kún. Òfin náà kò tíì kúrò nílẹ̀ ní ibi gbogbo. Nínú ilé tí ó jẹ́ pé ọmọ Oǹdó, ọmọ Àkúrẹ́ àti ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, tí kò sí ẹnìkan tí ó nílò ògbufọ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ní ẹ̀tọ́ sí yàrá oúnjẹ.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti fi àyè fún èdè abínibí láti ọdún 1977. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025 wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. A ti rí i nísinsin yìí pé ohun tí ìjọba fọwọ́ sí lónìí, ó lè pa á rẹ́ lọ́la. Bí ó ti rí fún Aggrey House ni. Ilé tí èdè yóò máa gbé gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ àwọn tí ó ni èdè: ọ̀gá ilé, ìyá kíṣìnì, olùkọ́ tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́, àti àwọn ọmọ fúnra wọn. Kò sí òfin kankan tí ó ní kí a má fi Yorùbá pa àlọ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ní ọjọ́ Sátidé.

Bí a ṣe lè lò ó

Fún olùkọ́: nígbà tí a bá fẹ́ fún àwọn ọmọ ní àròkọ lórí ilé ibùgbé, ẹ kọ́kọ́ ya àgbo-ilé sí pátákó, kí wọ́n dárúkọ baálé, ìyálé, àwọn ìyàwó ilé, ọmọ ilé àti àlejò, kí wọ́n sì sọ ojúṣe olúkúlùkù. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ẹni tí ó wà ní ipò kọ̀ọ̀kan nínú bọ́dìn tiwọn. Ibi tí ipò kan bá ṣófo, ibẹ̀ ni àròkọ gidi yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Fún olùdánwò: ẹ jẹ́ kí a padà sí *wàásù*. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ *bọ́dìn*, *kíṣìnì* tàbí *kíláàsì*, tí ó kọ ọ́ ní àkọtọ́ Yorùbá, tí ó fi àmì ohùn sí i bí ó ti yẹ, kò ṣẹ̀. Ọ̀nà tí *wàásù* gbà wọlé ni àwọn náà gbà wọlé. Èyí tí ó yẹ kí a yọ máàkì lé lórí ni gbólóhùn tí a fi ìlànà Gẹ̀ẹ́sì tò, bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé.

Àsokágbá

A ti ṣe àlàyé pé àìríbi-sùn àti ọ̀rọ̀ àbùkù ni ó bí ilé WASU. Pé ìdáwó àwọn ènìyàn wa ni ó rà á. Pé baálé, ìyá ilé, oúnjẹ àti ìgbìmọ̀ ni ó sọ ọ́ di àgbo-ilé. Àti pé ìdí tí ó fi lè sọ̀rọ̀ sókè ni pé àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni ó ni àṣẹ rẹ̀. A sì ti rí i pé ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ ní etí òkun nígbà tí ó ń wọ ọkọ̀.

Àwọn ọmọ tí ń bẹ nínú ilé ibùgbé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó lónìí kò kọjá òkun kankan. Ìrìn wákàtí díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn rìn láti ilé. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé nínú ìrìn kékeré yẹn ni wọn yóò ti sọ èdè wọn nù. Ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwa tí a mú kọ́kọ́rọ́ ilé náà dání.